Iṣẹ́ tí Èdè Ń Ṣe fún Ẹ̀yà tí Kò Pọ̀

Bí ìyọnu ńlá bá dé bá àwùjọ kan, yálà ìmìtìtì ilẹ̀ ni o, àjàkálẹ̀ àrùn, tàbí ìjọba àjèjì tó gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí ló ń mú kí àwọn kan tún gbérí, tí àwọn mìíràn sì fọ́n ká, tí a ò gbúròó wọn mọ́? Owó wà lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn, ọ̀nà tó dára àti ìjọba tó létí wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀, tí ẹ̀yà ńlá yí ká, ohun kan tún wà tí kì í tètè hàn nínú ìṣirò: èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ náà, torí pé àkọsílẹ̀ wà nípa bí èdè wọn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parun àti bí wọ́n ṣe fà á padà.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Èdè kì í fún àwùjọ lókun nítorí pé ó dùn létí, tàbí nítorí pé àwọn baba ńlá ló sọ ọ́. Ó ń fún wọn lókun nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, òun ni wọ́n fi ń parí ìjà, òun ni wọ́n fi ń sìnkú, tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, tí wọ́n sì fi ń mọ ojúṣe olúkúlùkù sí ẹnì kejì. Bí iṣẹ́ wọ̀nyí bá ti kúrò lọ́wọ́ èdè kan, kò sí bí wọ́n ṣe lè yìn ín tó tí kò ní máa kú lọ. Bí àwọn tó ni ín bá sì gba iṣẹ́ náà padà, èdè á sọjí, àwọn náà á sì sọjí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1840, àwọn ìjòyè Māori àti aṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Waitangi. Èyí tí a kọ ní èdè Māori ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìjòyè fọwọ́ sí. Ó ṣèlérí fún wọn pé ilẹ̀ wọn, ìlú wọn àti gbogbo ohun iyebíye wọn yóò wà ní ìkáwọ́ wọn. Kò ju ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ lẹ́yìn náà, lọ́dún 1867, tí ìjọba fi ṣe òfin tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní àwọn abúlé Māori, tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ìkọ́ni. Àwọn òbí Māori kan fẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, kí ọmọ wọn lè rọ́wọ́ mú nínú ayé tuntun. Ohun tí wọn kò béèrè fún ni ẹgba. Ọ̀pọ̀ àgbà Māori ló jẹ́rìí nígbà tó yá pé wọ́n nà wọ́n nílé ìwé nítorí pé wọ́n sọ èdè tí ìyá wọn kọ́ wọn.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń dá ìtàn náà dúró níbí, pé ilé ìwé ló pa èdè Māori. Ẹ wo iye tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1913, nígbà tí òfin yẹn ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé ìwé tó jẹ́ Māori ṣì ń sọ èdè wọn. Lọ́dún 1953, ó ti di ìdá 26. Lọ́dún 1975, kò tó ìdá 5. Ẹgba ilé ìwé dun ọmọ, ó sì kó ìtìjú bá a, ìtìjú yẹn sì bá ọ̀pọ̀ wọn dàgbà débi tí wọn ò fi fẹ́ kí ọmọ tiwọn jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ti délé ní ọdún 1913, èdè Māori ló ń pàdé níbi ìdáná, lóko, létí òkun àti níbi òkú. Ohun tó yí padà lẹ́yìn ìgbà náà ni ilé gan-an.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn Māori ṣí lọ sí ìlú ńlá láti wá iṣẹ́. Lọ́dún 1945, nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń gbé ní ìlú. Nígbà tó fi máa di 1966, wọ́n ti lé ní ìdá 60. Ìjọba ní ètò ilé gbígbé fún wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdílé Māori kọ̀ọ̀kan sáàárín ọ̀pọ̀ ìdílé òyìnbó, kí wọ́n má bàa kóra jọ sójú kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ìyá àgbà wà ní abúlé. Aládùúgbò kò gbọ́ èdè. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ kò gbọ́ ọ. Bàbá àti ìyá nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń sọ ọ́, àwọn náà sì ń rántí ẹgba. Láàárín ìran kan ṣoṣo, èdè tí ilé ìwé kò rí pa fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn ọmọdé, nítorí pé wọ́n ti tú àwọn tó ń sọ ọ́ ká. Ohun tó sì bá a rìn ni àwọn aláṣẹ ìlú kọ́kọ́ rí: ọ̀dọ́ tí kò lẹ́gbọ́n tí yóò bá a wí, arúgbó tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, ilé tó kún fún ìṣòro láìsí mọ̀lẹ́bí tó lè dá sí i.

Ibì kan wà tí èdè náà kò ti kú, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dúró sí dáadáa. Marae ni wọ́n ń pè é: agbo ilé tí ìran kan jọ ni, tó ní gbàgede, gbọ̀ngàn ìpàdé tí wọ́n fín ère àwọn baba ńlá sí lára, àti ilé ìdáná ńlá. Bí àlejò bá dé, obìnrin ni yóò kọ́kọ́ fi ohùn gígùn pè é wọlé, obìnrin kan láàárín àwọn àlejò á sì dá a lóhùn. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á dìde, wọ́n á kí òkú kí wọ́n tó kí alààyè, wọ́n á sọ ìran ẹni tó dé àti ibi tí ìran méjèèjì ti pàdé. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Bí ẹnìkan bá kú, ibẹ̀ ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn tó wá á máa bá òkú náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ ohun tó ṣe dáadáa, wọ́n á sì bá a ja èyí tó kù síbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òkú àgbà nílẹ̀ Yorùbá, tó gbọ́ oríkì àti ìjà ìfẹ́ tí ọmọ ń bá òkú bàbá rẹ̀ jà, yóò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wo ọgbẹ́ ọkàn tí oògùn òyìnbó kò débẹ̀.

Ní ojú mi, marae ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Èdè ló jẹ́ kí marae máa ṣiṣẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó lè gba àlejò níbẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Marae náà ló sì fún èdè níṣẹ́ nígbà tí ilé, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìyọnu bá sì dé, a máa ń rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìmìtìtì ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.8 mi agbègbè Kaikōura ní erékùṣù gúúsù. Òkè wó dí ojú ọ̀nà, ó dí ojú irin, àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ òkèèrè sì há sí ìlú náà láìní ibi tí wọ́n á sùn. Marae Takahanga ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ibẹ̀ bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n fi edé ńlá inú òkun se oúnjẹ fún àjèjì tí wọn kò rí rí, wọ́n sì tẹ́ ibùsùn fún wọn. Kò sí ìpàdé tí wọ́n fi ṣàríyànjiyàn bóyá iṣẹ́ wọn ni. Ètò bí a ṣe ń gba ọ̀pọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ni yóò sọ̀rọ̀, ta ni yóò dáná, ta ni yóò bójú tó arúgbó, ti wà lára wọn látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe òkú àti àpéjọ.

Kí n má ṣàbùmọ́: Ngāi Tahu, ìran tó ni agbègbè yẹn, wà lára àwọn tí èdè Māori ti kú jù lọ lẹ́nu wọn. Púpọ̀ lára àwọn tó se oúnjẹ náà lè máà lè sọ ọ́ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi sí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ kò lè ṣe ọmọlúàbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣà gbígba àlejò yẹn wà nínú ilé kan tí èdè kò fi sílẹ̀ pátápátá. Ngāi Tahu fúnra wọn rí ewu tó wà níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gbé ètò kan kalẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún kan ìdílé ó kéré tán gbọ́dọ̀ máa sọ èdè náà nínú ilé wọn nígbà tó bá fi máa di ọdún 2025. Inú ilé ni wọ́n sọ, wọn ò sọ inú kíláàsì, mo sì gbà pé wọ́n mọ ibi tó ń ro wọ́n.

Àpẹẹrẹ kejì dá lórí ìrántí. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà nílẹ̀ wa pè ní lùkúlùkú, nǹkan bí 2,500 Māori ló kú. Bí a bá fi iye wọn wé ti àwọn yòókù ní orílẹ̀-èdè náà, ikú pa wọ́n ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. Àwọn ìdílé kò gbàgbé. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi òkú, wọ́n mọ ibi tí wọ́n sin àwọn ènìyàn wọn sí. Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn ìran kan, bíi Te Whānau-ā-Apanui ní ìlà-oòrùn erékùṣù àríwá, dí ojú ọ̀nà tó wọ agbègbè wọn, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn arúgbó nílé. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ní àṣà kan tí wọ́n fi ń ti odò, igbó tàbí etíkun pa fún ìgbà díẹ̀ bí ẹnìkan bá kú sínú rẹ̀ tàbí bí ẹja bá ń tán níbẹ̀. Rāhui ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn àgbà kéde rẹ̀, àwọn ará abúlé ti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, wọn ò nílò kí ìjọba wá fi ìwé òfin ṣàlàyé fún wọn.

Ìgbàpadà èdè náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, Hana Te Hemara àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Ngā Tamatoa gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn tó lé ní 30,000 ló fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí a máa kọ́ èdè Māori nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni kò gbọ́ èdè náà dáadáa. Ọmọ àwọn tó ṣí lọ sí ìlú ni wọ́n. Lọ́dún 1979, àwọn obìnrin méjì, Kāterina Mataira àti Ngoingoi Pēwhairangi, dá Te Ataarangi sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn àgbà abúlé tí wọn ò ka ìwé olùkọ́ jọ, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń fi igi kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ́ni lédè láìsọ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Lọ́dún 1982 ni èyí tó tóbi jù dé. Ní Wainuiomata, nítòsí Wellington, wọ́n ṣí kōhanga reo àkọ́kọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí ilé ìwé ní èdè Māori nìkan. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: àwọn ìyá àgbà gbọ́ èdè, àwọn ọmọ ọwọ́ ń wá èdè tí wọ́n á sọ, ìran tó wà láàárín ni kò ní in. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ pàdé. Àwọn òbí ni wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìyá tí kò ṣe alága ìpàdé rí di akápò, bàbá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wá ń tún òrùlé ṣe ní òwúrọ̀, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ èdè lẹ́nu ọmọ tiwọn. Nígbà tó di ọdún 1994, irú ibẹ̀ ti tó 800, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí 14,000. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n rí gbà. Orúkọ ètò náà ni èdè, ṣùgbọ́n ohun tó tún dá sílẹ̀ ní ìlú ńlá ni àdúgbò tí ètò ilé ìjọba ti tú ká: arúgbó tún níṣẹ́, òbí tún ní ẹni tí wọ́n lè sá tọ̀ bí nǹkan bá le.

Òfin tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ àkànṣe tó ń gbọ́ ẹjọ́ àdéhùn Waitangi sọ pé èdè wà lára ohun iyebíye tí àdéhùn náà ṣèlérí láti dáàbò bò. Lọ́dún 1987, ó di èdè ìjọba. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Māori bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Nínú ìkànìyàn ọdún 2023, àwọn tó lé ní 213,000 ló sọ pé àwọn lè fi èdè náà tàkúrọ̀sọ.

Síbẹ̀, iye kōhanga reo ti dín kù gan-an sí ti ọdún 1994. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò irú nǹkan báyìí gbọ́. Nígbà tí owó ìjọba wọlé, òfin ìjọba bá a wọlé: irú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó yẹ, irú ilé tó yẹ, irú ìròyìn tó yẹ kí a máa kọ. Ìyá àgbà tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò ní iyì mọ́ nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ètò náà gbára lé. Àwọn tó dá a sílẹ̀ gbé ìjọba lọ síwájú ilé ẹjọ́ àkànṣe yẹn, ìdájọ́ tó jáde lọ́dún 2012 sì gbè wọ́n, pé bí ìjọba ṣe fi kōhanga reo sábẹ́ ìlànà jẹ́léósinmi gbogbogbòò ti pa á lára.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Kánádà, ó sì bá ohun tí mò ń sọ yìí mu. Ìjọba ibẹ̀ àti àwọn ìjọ Kristẹni kó àwọn ọmọ onílẹ̀ tó lé ní 150,000 lọ sí ilé ìwé ìgbélé, wọ́n sì fòfin de èdè wọn níbẹ̀, títí di àwọn ọdún 1990 tí wọ́n ti èyí tó kẹ́yìn pa. Lọ́dún 2007, Darcy Hallett, Michael Chandler àti Christopher Lalonde tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìlú onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ British Columbia. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbẹ̀mí ara wọn ní ibì kan tí kì í sì í ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ibẹ̀ ti lè fi èdè wọn tàkúrọ̀sọ, irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n tàbí kó má sí rárá. Níbi tí wọn kò ti tó ìdajì, ó pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́fà. Chandler àti Lalonde ti kọ́kọ́ fi hàn lọ́dún 1998 pé ìlú tó ń ṣàkóso ilé ìwé rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera rẹ̀, tó sì ń ja fún ilẹ̀ rẹ̀, kì í sábà pàdánù ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí yìí kò sọ pé kí a kọ́ ọ̀dọ́ kan ní ogún ọ̀rọ̀ kí ìbànújẹ́ rẹ̀ sì lọ. Ìlú tí èdè ti le dáadáa sábà jẹ́ ìlú tí àgbà ṣì ń gbé, tí ilẹ̀ ṣì kù, tí àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan wọ̀nyí dì mọ́ ara wọn, kò sì rọrùn láti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èyí gan-an ló mú kí n gbà á gbọ́. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹnìkan sí i tó lè finú hàn, ó mọ ìtàn ẹni tó jìyà ṣáájú rẹ̀ tí kò sì kú, ó sì rí i pé ìran tòun ní ọ̀la.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa náà. Ní Kúbà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú kóra jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo, wọ́n ń dáwó ra òmìnira ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Èdè tí wọ́n ń pè ní Lucumí dín kù títí ó fi ku orin, àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìbọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú Nagô, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Bahia, níbi tí ìjọba Brazil ti sọ ilé òrìṣà Casa Branca di ogún orílẹ̀-èdè lọ́dún 1984. Iṣẹ́ tó kù fún èdè náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, òun ni wọ́n sì fi sọ ẹni tí wọ́n kó láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ọmọ ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní Peckham tàbí Houston, ẹ wo ibẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń bínú nìkan ni ọmọ ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín, kò sí iṣẹ́ tí yóò fi èdè náà ṣe.

Ṣùgbọ́n nílé, àwa kọ́ ni ẹ̀yà tí kò pọ̀. Ní Àgbádárìgì àti lórí omi Màkókó, àwọn Ègùn wà láàárín wa, àwọn tí èdè wọn bá ti àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin tan. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, gómìnà Èkó ìgbà náà, Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, fọwọ́ sí òfin tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni ní ìpínlẹ̀ náà. Inú mi dùn sí òfin yẹn, torí pé èdè tiwa náà ń jìyà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọmọ Ègùn tó wọ kíláàsì ní Àgbádárìgì ń pàdé èdè méjì tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ tiwa.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ àti ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lágbègbè yẹn: ẹ fún àwọn àgbà Ègùn ní yàrá kan nínú ilé ìwé, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè wọn ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn fúnra wọn sì máa ṣàkóso rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù, ẹ má fi ohùn Ègùn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, pàápàá níwájú ọmọ wọn.